Ilé Bàbá Gbogbo Wa Lórí Òkè

Bí Jónà bá sọ fún ọ pé ilẹ̀ ti mọ́, kọ́kọ́ yọjú wo oòrùn kí o tó dìde. Kì í ṣe pé òpùrọ́ ni o. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ ní Ìlọfà, ìyá rẹ̀ á bá onítọ̀hún jà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òtítọ́ máa ń rù lójú Jónà, àánú rẹ̀ a sì máa ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń fún un lóúnjẹ díẹ̀, kó lè sanra.

Ọ̀kadà ló ń gùn tẹ́lẹ̀. Láti Òsí sí Ìlọfà, láti Ìlọfà sí Òkè-Ọ̀pín, kò sí kòtò ojú ọ̀nà tí kò mọ̀ dénú. Lọ́jọ́ kan, èrò kan tó ti Ìbàdàn wá bi í pé kí ló wà lórí òkè tó wà lápá ọ̀tún yẹn. Ẹlòmíràn ì bá ní òkúta ni. Jónà ní, "Há! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì bi mí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, epo á tán ká tó dé." Ni èrò bá ní kó dúró. Wọ́n gòkè. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ̀ kalẹ̀, Jónà ti fi ẹnu tẹ ìlú ńlá kan dó sórí òkè náà, ó ti fi ogun jó o, ó sì ti tún un kọ́, ó tiẹ̀ tún fi ọjà kún un. Èrò náà ń nu omi ojú, ó ní òun á kó àwọn ọ̀rẹ́ òun wá. Bí Jónà ṣe di amọ̀nà nìyẹn, tó ń mú àlejò gòkè láàárọ̀, tó ń mú wọn sọ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Jónà inú Bíbélì wọ inú ẹja, ó jáde. Tèmi wọ inú òkè, kò jáde mọ́."

Ibi mẹ́ta ló máa ń mú wọn dé. Àkọ́kọ́ ni ilé ìsinmi ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, èyí tí kò ku nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi àtẹ̀gùn tí kò lọ síbì kankan. Jónà á dúró lórí àtẹ̀gùn náà, á ní ajẹ́lẹ̀ yìí, bó bá sín níhìn-ín, àwọn ará Ọ̀bọ-Ilé á dáhùn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà." Èkejì ni orí àpáta tí àwọn ìyá ayé àtijọ́ ti ń lọ àgbàdo, tí ihò ọlọ wọn ṣì wà níbẹ̀ bí àwo. Jónà ní ìyàwó kan lọ àgbàdo níbẹ̀ títí òkúta fi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta sì ni ilé olókùúta.

Ilé olókùúta yìí ló fa gbogbo ọ̀rọ̀. Àárín oko kajú ló wà, ògiri rẹ̀ kò ju àyà ènìyàn lọ mọ́, ṣùgbọ́n ó gún régé. Nígbà tí Jónà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò mọ ẹni tó kọ́ ọ, kò sì bi ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá béèrè, ìdáhùn kan ṣoṣo ni yóò rí gbà. Lọ́jọ́ kan, Mìkáílù, ọmọ Òsí tó ń gbé Ìlọrin, dúró níwájú ilé náà, ó ní, "Jónà, ilé ta nìyí?"

Jónà wojú rẹ̀. Ó rí i pé ojú náà ń wá ilé. Ó ní, "Ilé yín ni."

Ta ló máa jà á níyàn? Ìdílé wo ni kò sá gòkè nígbà ogun Tápà? Láti ọjọ́ náà ni ilé olókùúta ti di ilé bàbá Mìkáílù. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó di ilé bàbá ẹlòmíràn. Kò pẹ́ rárá, ó ti di ilé bàbá àwọn ìdílé tó pọ̀ tó láti dìbò yan káńsẹ́lọ̀. Òrùka irin kan wà lára ògiri. Jónà á ní, "Ibí yìí ni bàbá yín ń so ẹṣin rẹ̀ mọ́." Bí a bá kó gbogbo ẹṣin tí Jónà so mọ́ òrùka yẹn jọ, Tápà ì bá ti pẹ̀yìn dà kí wọ́n tó kọjá Odò Ọya. Fèrèsé tó kéré bí ojú ológbò ńkọ́? "Nítorí ọfà ọ̀tá ni." Ihò ìdábùú ilẹ̀kùn tó wà níta dípò kó wà nínú ńkọ́? Níbẹ̀ ni Jónà á ti mí kanlẹ̀, á sì gbọn orí. "Ayé ìgbà yẹn, wọ́n fọkàn tán ara wọn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pín ilé fún ọmọ aráyé títí Fikáyọ̀ fi dé. Tíṣà ni Fikáyọ̀ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òsí, ó kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá wo òkè. Jónà rí i, ìfẹ́ rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ọkùnrin mìíràn a máa ra fóònù fún obìnrin. Jónà fún Fikáyọ̀ ní ilé baba ńlá rẹ̀, pẹ̀lú ẹṣin.

Fikáyọ̀ ní, "Ìwọ yìí, ṣé o kì í purọ́ ṣá?"

"Fún ìwọ? Láéláé."

"Fún àwọn yòókù ńkọ́?"

"Àwọn yòókù ò bi mí."

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà. Ìgbà tí kajú tún fi máa so, wọ́n ti ń fẹ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n Fikáyọ̀ ní bàbá. Bàbá Ebenezer ti Òkè-Ọ̀pín, ọ̀gá wolé-wolé ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba ń rán láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n wò bóyá àyíká mọ́, bóyá tanwíjì, ọmọ ẹ̀fọn, ti di onílé nínú ìkòkò omi. Bàbá fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ojú rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Bó bá kí ọ nílé, á ti ṣí ìkòkò rẹ wò kó tó parí "ẹ kú ilé". Ní ṣọ́ọ̀ṣì, á nu àga kó tó jókòó, á sì nu ẹni tó bá jókòó tì í. Ọjọ́ tí Fikáyọ̀ mú Jónà lọ kí i, ojú bàbá kò kúrò lára bàtà rẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Mo ń mú ènìyàn gòkè, sà."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Mo máa ń mú wọn sọ̀, sà."

"Ìyẹn niṣẹ́? Ewúrẹ́ náà ń ṣe é, kò sì pe ara rẹ̀ ní nǹkan kan." Bàbá yọ áńkáṣíìfù, ó nu ibi tí òjìji Jónà kọjá. "Gbọ́, ọmọ yìí. Ìdílé onímọ́tótó ni wá. Láti orí bàbá bàbá mi, Fátókí, a kì í fi elérùpẹ̀ ṣe àna."

Fikáyọ̀ kúnlẹ̀. "Bàbá, òun ló mọ ilé Fátókí lórí òkè."

Bàbá Ebenezer gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. "Fátókí nílé lórí òkè?"

"Olókùúta, sà," Jónà dáhùn.

"Olókùúta?"

"Ibi tó ń so ẹṣin mọ́ ṣì wà níbẹ̀."

"Fátókí lẹ́ṣin!" Bàbá tún ara rẹ̀ jókòó bí ẹni tó wà lórí gàárì. Lẹ́yìn náà ló na ìka. "Ó dáa. Màá wá fojú ara mi rí i. Bí mo bá rí ilé bàbá wa, kí àwọn ẹbí rẹ wá tọrọ ọmọ. Bí n kò bá rí i, má ṣe jẹ́ kí n rí bàtà yìí ní Òkè-Ọ̀pín mọ́ láyé."

"Ọjọ́ wo lẹ máa wá, sà?"

"Wolé-wolé kì í dá ọjọ́."

Ìyà ló jẹ Jónà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Alhaja Alimat dé láti Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n Mìkáílù ni, ó ń ta abọ́ àti tánganran, ó sì wá ya fọ́tò níwájú ilé bàbá wọn kó lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. Jónà ti ń fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́ kí wọ́n gbéra nígbà tí bọ́ọ̀sì kan dúró, tí bàbá kan sọ̀ kalẹ̀, aṣọ funfun, fìlà funfun, bàtà kánfáàsì funfun bí eyín ọmọdé.

Wolé-wolé dé. Ilé kan. Bàbá méjì. Fikáyọ̀ sì wà láàárín wọn.

"Kí ló ń gbọ̀n ọ́?" Bàbá Ebenezer bi í.

"Ayọ̀ ni, sà."

Kò sí ọgbọ́n tí Jónà kò dá. Ní àtẹ̀gùn ajẹ́lẹ̀, ó fa ìtàn gùn títí ajẹ́lẹ̀ fi fẹ́ ìyàwó, ó bímọ, ó darúgbó. Bàbá Ebenezer ní, "Ṣáláńgá rẹ̀ ńkọ́?" Jónà nawọ́ síbi tí ó bá ojú rẹ̀ mu. Bàbá wọn ọ̀nà náà lójú, ó ní, "Ó jìnnà sí ilé ìdáná. Òyìnbó yẹn gbọ́n." Wọ́n dé ibi ihò ọlọ, Jónà ní kí Alhaja sinmi, kí Alhaja jókòó, kí Alhaja tiẹ̀ sùn díẹ̀. Alhaja ní, "Jónà, ilé wa ni mo wá wò, n kò wá lọ àgbàdo."

Bí wọ́n ṣe ń lọ, àwọn àgbàlagbà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́rẹ̀ẹ́. Ìyẹn ló pa Jónà jù.

"Ẹ̀yin náà nílé lórí òkè níhìn-ín, Alhaja?"

"Ilé ńlá, Bàbá. Bàbá wa lẹ́ṣin."

"Ẹ wò ó! Bàbá tiwa náà lẹ́ṣin."

"Á jẹ́ pé àwọn ẹṣin wọn á ti mọra."

"Wọn ò ní ṣàìmọra."

Jónà ń ṣíwájú wọn, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀ bí omi odò. Ó fẹ́ ya Alhaja sápá òsì, kó fi òkìtì òkúta kan hàn án, kó ní ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí Mìkáílù yà wà nínú fóònù Alhaja. Ó gbé fóònù sókè, ó wo iwájú, ó tún wo fóònù.

"Alihamudulilai! Ilé wa rè é o!"

Lẹ́ẹ̀kan náà ni Bàbá Ebenezer rí òrùka irin. Ó bọ́ bàtà funfun rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wólẹ̀. "Fátókí! Ọmọ ọmọ rẹ dé o!"

Wọ́n wojú ara wọn.

"Bàbá," Alhaja ní, "bóyá ẹ fẹ́ kí bàbá tiwa fún wa. Ẹ ṣeun."

"Bàbá yín kẹ̀? Fátókí ni mò ń kí. Ilé Fátókí lẹ dúró sí."

"Bàbá, ẹ dìde. Ilé Sùlèémánù alágbẹ̀dẹ nìyí, gbogbo Òsí ló mọ̀ ọ́n. Ẹ wo irin lára ògiri, kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi irin ṣe?"

"Ẹṣin ló fi so!"

"Ẹṣin tiwa!"

"Jónà!" Orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì pọ̀. "Sọ̀rọ̀! Ilé ta ni?"

Jónà, ẹni tí í fi ẹnu tẹ ìlú dó, ń wo Bàbá Ebenezer, Fikáyọ̀ ló ń rí, tó ń kẹ́rù lọ sílé ọkọ mìíràn, ọkọ tí bàtà rẹ̀ mọ́. "Ẹ... ẹ jẹ́ ká mumi ná," ló rí sọ.

"Omi ta ni!" Bàbá bọ́ sínú ilé náà pé òun ti wọlé bàbá òun. Alhaja náà wọlé, ara rẹ̀ sì kún ojú ọ̀nà. Wọ́n ń tira wọn, wọ́n ń pe orúkọ baba ńlá wọn sí ara wọn lójú: Fátókí, Sùlèémánù, Fátókí, Sùlèémánù. Níbi tí wọ́n ti ń tira ni wọ́n ti tẹ òkìtì èso kajú tí ẹnìkan kó jọ sí igun ògiri. Kajú tó pọ́n ń bẹ́, omi rẹ̀ ń ta sí aṣọ funfun.

"Ẹ̀yin wo lẹ wà lórí kajú mi yẹn?"

Ìyá Ìyábọ̀ ni. Òun ló ni oko kajú tó yí ilé náà ká, ìyá arúgbó kan tó ti dàgbà kọjá ibi tí ọjọ́ orí ń dé. Gbogbo ẹṣin tí Jónà so mọ́ ògiri yìí pátá, etí rẹ̀ ló ṣe. Kò sì sọ nǹkan kan rí, nítorí ọ̀kadà Jónà ló ń bá a gbé àpò kajú sọ̀ kalẹ̀. Á ní, "Ẹnu ni tìẹ, kajú ni tèmi." Ṣùgbọ́n lónìí, wọ́n ti tẹ kajú.

"Ẹ má bínú, Ìyá," Bàbá Ebenezer ní. "Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa ló fà á. Ilé..."

"Ulé?" Ìyá gbé ọwọ́ ka ìbàdí. "Ulé ta ni? Éè ṣe ulé ẹnikẹ́ni. Ulé tanwíjì ni."

Jónà na etí rẹ̀. Kò tíì gbọ́ èyí rí, òun tó jẹ́ olórí onítàn.

"Nígbà ajẹ́lẹ̀ òyìnbó," Ìyá Ìyábọ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bu omi, "ẹni tí wolé-wolé bá bá tanwíjì nínú ìkòkò rẹ̀, dógarì, ọlọ́pàá ayé ìgbà yẹn, á wọ́ ọ wá síbí, a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta. Òrùka yẹn ni wọ́n ń so alágídí mọ́. Èmi kékeré ni mò ń gbé ẹ̀kọ wá fún bàbá mi níbẹ̀."

"Bàbá yín wà níbẹ̀?" Alhaja bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá mi! Ọ̀bùn pọ́ńbélé ni, Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un." Ó yíjú sí Bàbá Ebenezer. "Fátókí ni mo gbọ́ tí ò ń pè? Fátókí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn? Há, Fátókí! Tanwíjì inú ìkòkò Fátókí pọ̀ débi pé wolé-wolé lọ pe wolé-wolé ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wòran. Wọ́n ní tanwíjì àgbà ń kọ́ tanwíjì kékeré níwèé níbẹ̀. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, kì í ká ẹní rẹ̀ lọ, ó ní òun ń bọ̀."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Alhaja, ó di ògiri mú kó má baà ṣubú. Ìyá wò ó.

"Ìwọ má rẹ́rìn-ín. Sùlèémánù alágbẹ̀dẹ ló rọ òrùka yẹn. Òun náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ so mọ́ ọn."

Ẹ̀rín Alhaja wọlé padà bí ìgbín. Bàbá Ebenezer, ọ̀gá wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì, rọra gbé ẹsẹ̀ kan jáde nínú ilé náà, ó gbé èkejì.

"Alhaja," ó ní, "mo ti rò ó. Ilé yín ni. Mi ò bá yín jà mọ́."

"Rárá o, Bàbá! Àgbà kì í rẹ́ ara rẹ̀ jẹ. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Ẹni tó bọ́ bàtà ló nilé."

"Ẹ̀yin lẹ ní fọ́tò rẹ̀."

"Mo ti pa á rẹ́! Ẹ wo fóònù."

"Ẹ ní irin yín ni."

"Ẹ ní ẹṣin yín ni!"

Bí wọ́n ṣe jà láti wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jà láti jáde, àfi ìgbà tí Ìyá Ìyábọ̀ ní kí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n ṣa kajú òun. Wọ́n ṣa á.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, Alhaja fa Jónà létí. "Òpùrọ́ ni ọ́."

"Alhaja mi, mo ní bàbá yín gbé ilé yẹn rí. Ṣé kò gbé ibẹ̀ ni?"

Alhaja wò ó títí. Ẹ̀rín tún mú un. Ó ní òun á sọ fún Mìkáílù pé òjò ti wó ilé náà pátápátá, kò sí ìdí láti wá mọ́ láé. Ó wọ ọkọ̀ Ìlọrin, ó lọ.

Ó ku Jónà àti Bàbá Ebenezer nídìí òkè. Omi kajú ti ya àwòrán ayé sí aṣọ bàbá, kánfáàsì funfun tó tún wọ̀ ti pọ́n bí ilẹ̀. Jónà ti ń dágbére fún Fikáyọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, nítorí bàbá ti ní kò gbọdọ̀ wá bí òun kò bá rí ilé. Àfi bí bàbá ṣe wú ikọ́.

"Jónà. Àwọn tí ò ń mú gòkè, wọ́n máa ń bi ọ́ pé ilé ta nìyẹn?"

"Gbogbo wọn, sà."

"Kí lo máa sọ fún wọn báyìí?"

Jónà fi ọwọ́ họ orí. Láti ọjọ́ tó ti ń fi ahọ́n ṣòwò, kò tíì rí ọjà tó tó èyí. "Bàbá, òtítọ́ ṣòro láti gbé mì, ẹ mọ̀ mí. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, á bọ́ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àna ẹni..." Ó gbọn orí. "Ta ló jẹ́ tú àna rẹ̀ síhòòhò?"

Bàbá Ebenezer yọ áńkáṣíìfù. Ó wo bàtà tirẹ̀, ó wo bàtà Jónà. Àwọ̀ kan náà ni. Ó dá áńkáṣíìfù padà sápò.

"Ìgbà wo ni àwọn ẹbí rẹ ń bọ̀?"

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá ọjọ́, sà. Àwa kì í wọlé onílé láìdá ọjọ́."

Ọjọ́ tí wọ́n lọ tọrọ Fikáyọ̀, ìyá Jónà mú àwọn ẹbí lọ, ọkọ̀ sì kún. Iwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ni Ìyá Ìyábọ̀ jókòó sí. Kò bá wọn tan, ṣùgbọ́n Jónà ní òun kò lè ṣe é láìsí àgbà. Ọ̀rọ̀ ń lọ geerege títí àbúrò Bàbá Ebenezer kan, Japhet, fi dìde pé ọ̀rọ̀ kan kù: kí ọmọkùnrin yìí kọ́kọ́ fi òkè sílẹ̀ ná, kó wá iṣẹ́ gidi, kí ẹbí tó fọwọ́ sí i.

Ìyá Ìyábọ̀ wú ikọ́. "Ọ̀fun ń gbẹ mí. Ẹ fún mi lómi. Ti inú ìkòkò ni o, kì í ṣe ti inú ọ̀rá."

Bàbá Ebenezer fò dìde. "Japhet, jókòó! Iṣẹ́ wo ló tún gidi ju kéèyàn máa mú àlejò gun òkè? A ti gbà. A ti fọwọ́ sí i. Fikáyọ̀, gbé omi wá fún Ìyá! Wẹ ife náà. Tún un wẹ̀!"

Omi dé. Ìyá Ìyábọ̀ gbé ife sókè sí oòrùn, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wò ó pẹ́ títí, bàbá ìyàwó kò mí. Ìgbà náà ló tó mu ún, ó nu ẹnu, ó sì súre fún gbogbo ilé.

Fikáyọ̀ sún mọ́ Jónà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ni Ìyá ń wá nínú omi yẹn?"

Jónà wo Bàbá Ebenezer tí òógùn ń bò.

"Ẹṣin baba ńlá yín ni."